Apẹ̀rẹ̀ Ogójì Ọdún

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, nítorí ohùn mi kò ròkè mọ́ bí ó ti ń ròkè nígbà tí mo ń fi í lé ẹkùn kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó tètè lọ sùn, kí ó má wá bi mí lọ́la pé báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ògúnníran, èmi tí mo fi ọta kan ṣoṣo pa ìmàdò méjì, tí mo sì gbé méjèèjì wálé lórí èjìká kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ bi Olúọ́dẹ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ogún ọdún tí a ti sin ín. Ẹranko tí ó bá gbúròó mi nínú igbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dágbére fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran tí mo pa ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí. Ẹran tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi ni, inú mi gan-an ni ó sì ń gbé. Ìbínú ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní géńdé, èmi a máa bínú sí òjò. Bí ẹsẹ̀ mi bá kọ gbòǹgbò, n ó padà lọ bá gbòǹgbò náà jà, n ó fi àdá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, n ó sì tún bú igi tí ó bí i. N kò fọwọ́ kan Àwẹ̀ró ìyàwó mi rí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹ tó máa fi irú ojú yẹn wò mí, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò tàbí àwo kan tí ó lo oṣù mẹ́ta nínú ilé wa. Bí ọbẹ̀ bá ta sí mi lára, ìkòkò ọbẹ̀ ni n ó gbé sókè, n ó sì là á mọ́lẹ̀. Bí ó ti ń bá a lọ nìyẹn títí di ọjọ́ tí àgbò Bàbá Láṣebìkan, àna mi, jẹ fìlà ọdẹ mi. Mo wo àgbò. Àgbò wò mí. Ó ń jẹ fìlà lọ, ẹnu rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, mo sì rí i dájúdájú pé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo yìnbọn fún un. Ẹ̀yin ará, àgbò tí àna mi ti ń sìn láti ọdún mẹ́ta láti fi ṣe ìrántí ìyá rẹ̀ ni!

Àwẹ̀ró kò pariwo. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e karí, ó ní, "Ẹ̀rù yín kò bà mí. Ariwo ìkòkò tí ń fọ́ ni ó ti sú mi." Ó sì lọ sílé bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ràn Àwẹ̀ró ju ìbọn mi lọ, ẹ sì mọ ohun tí ìbọn jẹ́ fún ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna mi, n kò sì dìde títí àyà mi fi mọ gbogbo òkúta tí ó wà lójú àgbàlá wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá Láṣebìkan ní, "Ọdẹ́jìnmí, n kò gba àgbò mìíràn, n kò sì gba ẹ̀bẹ̀. Ìwọ ni o ń sọ kiri pé kò sí ohun tí ó wà nínú igbó tí o kò lè mú wálé. Ó dára. Lọ mú oògùn ìbínú wá fún mi. Bí a bá jẹ iṣu tuntun tí n kò rí i, Àwẹ̀ró kì í ṣe aya rẹ mọ́." Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí. Ìyẹn ni ó dùn mí jù.

Olúọ́dẹ ni ó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní lẹ́yìn Igbó Àìdákẹ́, níbi tí igi ti tán tí iyanrìn bẹ̀rẹ̀, bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i kí ó bínú rí. Ó ní bí oògùn náà bá wà láyé, ọwọ́ bàbá yẹn ni yóò wà. Mo kó ọta, mo kó ẹran gbígbẹ, ó di inú igbó.

N kò ní sọ bí mo ṣe sùn àti bí mo ṣe jí, ẹ̀yin náà ń sùn, ẹ sì ń jí. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀nà gba àárín àpáta méjì kọjá, ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ẹlẹ́nulọ́wọ́. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò sí ẹnu níbẹ̀ rárá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ẹnu wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítorí náà nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọwọ́ sí ènìyàn lójú bí ẹni tí ó fẹ́ gbá a létí.

"Ọdẹ, níbo lò ń lọ?" ọwọ́ ọ̀tún bi mí.

"Ta ló rán ọ?" ọwọ́ òsì bi mí.

"Má na ọwọ́ sí mi lójú mọ́!" mo jágbe.

"N kò na ọwọ́ sí ọ," ni ọwọ́ méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà, "ọ̀rọ̀ ni mo ń bá ọ sọ. Gbọ́ àlọ́ mi. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, àpò ẹran rẹ di tèmi. Kí ni ẹrù tí o gbé wọ igbó yìí tí o kò fọwọ́ ara rẹ dì, tí ó wúwo ju ẹfọ̀n lọ, tí kò sì sí ẹni tí ó lè bá ọ sọ̀ ọ́?"

Mo ronú. "Ebi ni," mo wí. Ọwọ́ ọ̀tún ní rárá, oúnjẹ a máa sọ ebi kalẹ̀. Mo ní, "Àna mi ni." Ẹlẹ́nulọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ni ó fi ń rẹ́rìn-ín, ńṣe ni ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi, igbó sì ń dún gbàà gbàà. Mo ní, "Ìwọ gan-an ni!" Ó ní mo ti tàsé lẹ́ẹ̀mẹta, kí n gbé àpò wá. Ẹ̀yin ará, ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo na ìbọn sí i. Dípò kí ó sá, ó ń fò sókè, ó ń kígbe pé, "Òun nìyẹn! O ti gbé e jáde! Òun gan-an ni mo ń bi ọ́!" Mo yìn ín. Ọwọ́ ọ̀tún la ẹnu, ó há ọta mi, ó rún un wọ̀mù wọ̀mù, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Mo sá. Ọdẹ a máa sá, a kì í kàn án sọ nílé ni. Mo ju àpò sílẹ̀, mo ju ìbọn sílẹ̀ kí ara mi lè fúyẹ́, ọwọ́ méjì yẹn sì ń lé mi bọ̀, ọ̀kan ń pe orúkọ mi, ọ̀kan ń béèrè bóyá mo ní òmíràn tí ó níyọ̀ dáadáa. N kò bojú wẹ̀yìn títí igi fi tán. Igi tán níbẹ̀ bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé e. Ẹsẹ̀ mi kan wà lórí koríko, èkejì wà lórí iyanrìn tí kò lópin.

Ilé kékeré kan wà níbẹ̀ tí a fi amọ̀ àti òkúta kọ́. Bàbá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé itan, ó ń fi imọ̀ igi dàbínù, tí ó jọ imọ̀ ọ̀pẹ, hun apẹ̀rẹ̀. Mo kí i. Ó fi ojú dá mi lóhùn, ó sì fi ojú kan náà tọ́ka sí apá aṣọ rẹ̀. Alángbá kan ni ó sùn síbẹ̀. Bàbá kò fẹ́ jí i. Bẹ́ẹ̀ ni èmi Ọdẹ́jìnmí, apani-bí-ẹni-ń-ṣeré, ṣe jókòó nínú oòrùn, tí mo ń dúró kí alángbá sùn tẹ́rùn. Mo ń hó nínú.

Nígbà tí alángbá jí tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, bàbá dìde, ó wá síwájú mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Ẹ gbà mí! Ẹni tí ó lè bí bàbá mi! Kíá ni èmi náà ti wà nílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n kú ní rèwerèwe." Ó ní, "Àlejò ni ó ń kọ́kọ́ dìde níbí, ọmọ mi." Mo ní, "Nílé wa, ọmọdé kì í dìde kí àgbà tó dìde." Ó ní níbí kọ́. Bí a ti dojú bolẹ̀ nìyẹn, orí ń kan orí, iyanrìn ń wọ̀ wá nímú, a ń fi ọ̀wọ̀ bá ara wa jà, kò sí ẹni tí ó gbà fún ẹnì kejì. Sísín ni ó tú wa sílẹ̀. Àwa méjèèjì sín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín sì gbé wa dìde.

Orúkọ rẹ̀ ni Ápà Ṣẹnúfè. Ápà ni wọ́n ń pe bàbá lédè wọn. Ará Íjíbítì ni, nínú ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Kóbítì, létí odò Náílì, láyé ìgbà tí àwọn onígbàgbọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí fi ilé sílẹ̀ lọ dá gbé nínú aṣálẹ̀, láti máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ìwọ tí o ń nàka níbẹ̀ yẹn, mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí. O fẹ́ bi mí bí ará ìgbà yẹn ṣe wà láàyè títí di ìgbà tèmi, àti bí mo ṣe gbọ́ èdè rẹ̀. Ní etí ilẹ̀ yẹn, àná kì í tètè lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì ní odi. Ó tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ó fọ ẹsẹ̀ mi. Ó gbé búrẹ́dì líle, iyọ̀ àti omi kalẹ̀, ó sì bá mi jẹ ẹ́, mo sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ọjọ́ ààwẹ̀ rẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bí mo bá ní kí ààwẹ̀ dúró dè mí, kì í kùn. Àlejò lè kùn. Ọ̀gá tí mo ń sìn a sì máa wọ aṣọ àlejò wá wò mí. Lónìí, ó wọ gbérí ọdẹ, ó sì di àdá." Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ni ó ń bá wí.

Mo bẹ̀ ẹ́ fún oògùn ìbínú, mo sì ro ẹjọ́ Àwẹ̀ró fún un látòkèdélẹ̀, mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀. Ó ní òun kò ní oògùn kankan, ṣùgbọ́n kí n jókòó ti òun. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Èmi mọ àwọn olóògùn, ẹni tí kò bá sìn wọ́n kì í rí nǹkan gbà. Mo jókòó. Mo ń pọnmi, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń wá ibi tí ó fi oògùn pamọ́ sí.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀mí burúkú kan yọ láti inú iyanrìn, kò ga ju orúnkún lọ, ó wọ aṣọ tí ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin bàbá. "Ṣẹnúfè mímọ́! Ṣẹnúfè tí kò lẹ́gbẹ́! Àwọn áńgẹ́lì ń ti ara wọn nítorí kí wọ́n lè rí ọ!" Bàbá kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rẹ imọ̀ yẹn sínú omi." Ẹ̀mí náà yí sọ́dọ̀ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Áà, ó mọ̀ mí í kì! Ó mẹ́nu ba ìmàdò méjèèjì. Ó ní mẹ́ta ni, pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni ó jẹ́ kí n máa sọ pé méjì. Kí n tó mọ̀, mo ti bọ́ gbérí mi fún un, mo ti ń tú okùn àdá. Bàbá tún ní, "Bí ẹ bá rẹ èyí tán, òmíràn wà lẹ́yìn ilé." Nígbà tí ẹ̀mí náà gbọ́ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ju gbérí mi sílẹ̀, ó sì wọ inú iyanrìn lọ pẹ̀lú èébú.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọdẹ ni mí, mo mọ ohun tí ń pọ̀ àti ohun tí ń dín kù. Bàbá yìí ń hun apẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, apẹ̀rẹ̀ náà kò kúrò ní bí ó ti wà. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ tí yóò fi dé etí, kò sì dé e. Mo ní ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Nílé tiwa, ènìyàn kì í jẹ oúnjẹ àgbàlagbà fún ọjọ́ méje kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìparí. Ní ọjọ́ keje, nígbà tí ó lọ gbàdúrà lẹ́yìn òkè iyanrìn, mo fa imọ̀ mọ́ra. Àwa ọdẹ mọ ohun tí à ń pè ní híhun. Mo hun ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dé e létí, mo ṣe ọwọ́ méjì sí i, mo sì fi ọnà sí ọwọ́ méjèèjì. Mo gbé e ka ẹnu ọ̀nà, mo jókòó tì í, inú mi ń dùn pé lónìí yìí, oògùn yóò jáde.

Bàbá dé. Ó rí apẹ̀rẹ̀. Ó dúró.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìsí afẹ́fẹ́. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè ju orí rẹ̀ lọ, gẹ́lẹ́ bí èmi ti í gbé ìkòkò sókè, mo sì dá ẹranko náà mọ̀! Mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò lè yí aṣọ pa dà kí n má mọ̀ ọ́n. Mo fi ọwọ́ bo orí. N kò gbọ́ ariwo. Nígbà tí mo yọjú wò, bàbá ti jókòó, apẹ̀rẹ̀ wà ní itan rẹ̀, ó ń tú u. Ó tú ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú ọnà wọn. Ó tú etí. Ó tú ìlà mẹ́rin tèmi. Mo rò pé yóò dúró níbẹ̀, kò dúró, ó ń tú tirẹ̀ lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí ó kan ìdí apẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni ó gbé orí sókè tí ó bú sẹ́rìn-ín. "Ogójì ọdún!" ni ó ń wí. "Ogójì ọdún, ọmọ mi!"

Ó wá là á yé mi. Ìgbàkúùgbà tí inú rẹ̀ bá dákẹ́ ni ó ń hun ìlà kan. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí inú bá bí i, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú ìlà kan. Apẹ̀rẹ̀ yìí ni ó ti ń hun láti ogójì ọdún, òun kan náà. Ó ní ọjọ́ tí mo dé, tí mo jókòó tì í tí mo ń hó sí alángbá, ìlà kan lọ.

"Bàbá," mo wí, "ẹ̀yin náà a máa bínú?"

"Lójoojúmọ́." Ó gbọn iyanrìn kúrò lára imọ̀. "Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Pátérè ni orúkọ rẹ̀. A jà nítorí omi oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Mo gbé ọkọ́ sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, apá ẹ̀gbọ́n mi kò tọ́ mọ́. Mo wá síbí láti wá ohun kan tí yóò wà lọ́wọ́ mi, tí ó jẹ́ pé bí mo bá bà á jẹ́, èmi nìkan ni yóò dùn."

"Oògùn kò sí nígbà náà?"

"Bí ó bá wà, ǹ bá ti mu ún tipẹ́, kí n lọ kí ẹ̀gbọ́n mi nílé." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Apẹ̀rẹ̀ yẹn ti ń wù mí jù. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ń ka ìlà rẹ̀ ṣáá. O ṣeun." Ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bá a jiyàn. Mo dọ̀bálẹ̀ tèmi, mo sì kọ́kọ́ dìde.

Ó kọ́ mi ní ìdí apẹ̀rẹ̀, ó fún mi ní imọ̀. Mo jókòó tì í títí tèmi fi pé ìlà mọ́kànlá, mo dágbére, mo gba ilé lọ. Áà, ẹ wo bí ìlà ti ń lọ! Gbòǹgbò gbé mi ṣubú, mo jókòó sílẹ̀, mo tú ìlà kan. Oyin ta mí, mo tú ìkejì. Nígbà tí mo dé àárín àpáta, Ẹlẹ́nulọ́wọ́ ti jókòó lé ìbọn mi, ó na ọwọ́ sí mi lójú, ó sì bi mí ní àlọ́ àtijọ́. "Ìbínú ni," mo wí. "Níbo lo gbé e sí?" Ó bú bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta bí ó ti ń béèrè, nítorí náà mo jókòó sí àárín ọ̀nà, mo tú ìlà mẹ́ta lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyára. Ọwọ́ ọ̀tún la ẹnu sílẹ̀. Ọwọ́ òsì pa ẹnu dé. Ó dìde kúrò lórí ìbọn mi, ó sì yà fún mi.

Ọjọ́ tí mo wọ̀lú ni wọ́n ń gbé iṣu tuntun bọ̀ láti oko. Mo sáré. Àwọn ènìyàn kún àgbàlá Bàbá Láṣebìkan, iṣu wà lórí iná. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mẹ́rin mìíràn ti lọ lójú ọ̀nà, ìlà méjì péré ni ó ṣẹ́kù lára rẹ̀.

"Oògùn dà?" ni àna mi wí.

"Òun nìyí, Bàbá. Nígbàkúùgbà tí inú bá bí mi, ìlà kan ni mo ń tú."

Ó fi ẹsẹ̀ yí i. "Èyí? Èyí tí kò lè gbé ìgbín kan? Ẹ wá wo ohun tí akọni ọdẹ pa bọ̀!" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo rí ìkòkò iṣu níwájú mi, ó tóbi, ó sún mọ́ mi dáadáa. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo fa apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, mo sì tú ìlà kan. Mo tú u tán.

Àwẹ̀ró ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń wò mí. "Ìlà mélòó ni ẹ mú kúrò lọ́hùn-ún?" ó bi mí.

"Mọ́kànlá."

"Ó ku mélòó?"

"Ẹyọ kan."

Ó fi ìka rẹ̀ ṣírò. "Inú bí yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni ẹ fọ́?"

"N kò fọ́ nǹkan kan, Àwẹ̀ró."

Ó wọlé. Mo ní ó ti tán nìyẹn. Ojú ti mí, mo sì ń wá bí n ó ṣe dìde lọ, nígbà tí mo rí i tí ó jáde, ẹrù rẹ̀ wà lórí. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó ti mú un wá."

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Apẹ̀rẹ̀ mi ni ó wà lára ògiri yẹn, láti ìgbà náà kò tíì dé ìlà mẹ́sàn-án rí, ọ̀kan sì lọ níbẹ̀ lónìí nítorí ìwọ tí o ń nàka. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń parí ọ̀rọ̀ mi rèé. Ní ọdún tó kọjá, mo ń wá ọ̀bẹ nínú yàrá Àwẹ̀ró, mo rí apẹ̀rẹ̀ mìíràn lẹ́yìn àpótí rẹ̀. Ìdí nìkan ni, kò ní ìlà kan ṣoṣo. Imọ̀ rẹ̀ ti gbó, ó ti rọ̀ bí aṣọ nítorí híhun àti títú léraléra. Mo gbé e jáde lọ bá a. "Àwẹ̀ró, ìwọ tí n kò gbọ́ ariwo rẹ rí! Ta ni ó ń bí ọ nínú tó báyìí?"

Ó kàn ń wò mí.

Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo gé imọ̀ tuntun wá fún un. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹni tí ó bá nílò imọ̀ nínú yín, ó kù lẹ́yìn ilé.